Ilé Tí Oníkálukú Ti Ń Pe Oríkì Ara Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwádìí ìjìnlẹ̀ ṣe ń sọ ènìyàn di wèrè, kó mú ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó, kó gbé e lọ bá màmá mi ní Ìwó.

Mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní, bíírò wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Màmá, láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ ìgbàgbé Àǹtí mi ti pọ̀ sí i?"

Wọ́n ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Màmá, ṣé ó pọ̀ sí i ni, àbí kò pọ̀ sí i?"

"Alihamudulilahi. Ara rẹ̀ le. Ó jẹun yó láàárọ̀."

"Mi ò bèèrè oúnjẹ, Màmá."

"Ìwọ náà ti jẹun?"

Inú bí mi débi pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ki bíírò náà bọ ẹnu. Mo ti bi àwọn àgbàlagbà ní ìbéèrè yìí ní Olúpọ̀nnà, mo ti bi wọ́n ní Ilé-Ogbó, mo sì ti bi wọ́n ní oríṣiríṣi agbolé ní Ìwó níbí. Èsì kan náà ni gbogbo wọn ń fún mi. Mo rò pé nílé tèmi, lọ́dọ̀ ìyá tó bí èmi àti Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹ̀tàn gbáà ni.

Iṣẹ́ ọpọlọ ni mò ń ṣe. Èmi kì í ṣe dókítà tó ń kọ oògùn fún ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gba èyí gbọ́ ládùúgbò wa. Bí mo bá ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ báyìí, ẹnìkan á ti na apá sí mi pé kí n bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí mò ń wádìí ní yunifásítì tí mo wà ni ìdí tí àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ohun tí à ń pè ní Dáùn síńdíróòmù fi ń tètè ní àìsàn ìgbàgbé, èyí tí wọ́n ń pè ní Àlísáímà. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí ó ṣe ń dún lẹ́nu. Ìtọ́ni tí ara fi ń mọ ara rẹ̀, gbogbo wa la gbà á ní méjìméjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Níbi tí wọ́n fi nọ́ńbà kọkànlélógún sí, mẹ́ta ni àwọn tí mò ń wí yìí ní dípò méjì. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìtọ́ni fún èròjà kan wà, èròjà tó máa ń ṣẹ́ kù sínú ọpọlọ, tí á máa dì síbẹ̀ bí ìdí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìkòkò. Tiwọn ń pọ̀ ju tiwa lọ láti kékeré. Kí wọ́n tó pé ogójì ọdún, ó ti máa ń dì sínú ọpọlọ wọn. Síbẹ̀ àwọn kan á tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, àwọn mìíràn á sì pẹ́ gan-an kó tó hàn lára wọn. Ìdí ìyàtọ̀ yìí la ń wá kiri. Bí a bá rí i, kì í ṣe àwọn nìkan ló máa jàǹfààní rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè náà kò burú fún àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní kí n bi ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù lọ pé kí ló máa ń lè ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Ìbéèrè yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, torí pé ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú Dáùn kò ṣeé fi wé ẹlòmíràn. Ara rẹ̀ ti àná la fi ń wé ara rẹ̀ ti òní. Bí ẹni tó mọ àná bá wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tó ń bèèrè bóyá mo ti jẹun, kí ni kí n kọ sílẹ̀?

Àwa kì í fi ẹnu wa sọ àìsàn. Ibà lè máa gbọ̀n wá, kí eyín wa máa lu ara wọn, tí wọ́n bá ti bi wá pé ṣé dáadáa ni, a ó ní a dúpẹ́. Ọ̀gá kan dìde níbi ìpàdé wa kan, ó ní irú ìgbàgbé yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tiwa, pé nínú gbogbo ilé tí àwọn dé, kò sẹ́ni tó ròyìn rẹ̀. Ó wù mí kí n sọ bàtà lù ú. Ní Olúpọ̀nnà, ìyá àgbẹ̀ kan sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ọmọ òun ọkùnrin. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, àbúrò ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a yí ẹ̀wù tó wọ̀ sódì padà, bí ẹni pé n kò lójú.

Àǹtí mi ni ẹni tó tẹ̀lé Bọ̀dá wa, èmi ni mo sì tẹ̀lé e. Pẹ̀lú Dáùn yìí kan náà ni wọ́n bí i. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ewú ti yọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ṣì máa ń bi mí pé, "Ọmọ yẹn ńkọ́?" Ọmọ wo? Ọmọ tó bá yín dàgbà? Nígbà tí mo ní làákàyè díẹ̀, tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un bí ó ti yẹ àgbà, ó gbá mi lórí, ó ní ṣé àlejò lòun ni tí mo fi ń bá òun sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́.

Àfáà ni bàbá wa tó ti dolóògbé. Wọ́n gbìyànjú títí láti kọ́ Àǹtí mi ní kéwú, kò wọlé. Màmá bàbá wa ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹni tí kò bá lè mọ̀wé lè mọ ènìyàn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní oríkì gbogbo ará ilé, oríkì àbísọ oníkálukú, èyí tí ìyá ẹni fi ń pe ni bí inú rẹ̀ bá dùn sí ni. Ó mọ̀ ọ́n tán pátápátá. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbá, á jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá ń jáde lọ, á pè é ní oríkì rẹ̀, á ní, "Ọmọ rere, rọra máa lọ." Kì í ṣi ẹnikẹ́ni pè. Bí àlejò bá gba yàrá lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, "Kí ni oríkì ẹ?" Ọmọ Ìbò kan tó ń ta páàtì ọ̀kadà sọ fún un pé òun kò ní. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó fún un ní ọ̀kan. Títí ọkùnrin yẹn fi kó lọ, oríkì yẹn ló ń jẹ́ ní gbogbo àdúgbò, àwọn oníbàárà rẹ̀ gan-an fi ń pè é.

Ẹ wá wo irú ẹni tí ìwé òyìnbó ní kí n fi àwòrán ọmọláńgidi tí wọ́n fi yìnyín mọ hàn, kí n ní kó sọ ohun tó jẹ́. Ó wò ó dáadáa, ó ní, "Iyán ni. Wọ́n kó o jọ mẹ́ta." Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, kò gbà á. Èmi fún un ní máàkì tirẹ̀.

Bọ̀dá wa ló pè mí lórí fóònù níjọ́ kan. Sìmẹ́ǹtì àti páànù ni wọ́n ń tà. Àwọn ni baálé ilé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, àwọn sì ni wọ́n ń bọ́ Àǹtí mi, tí wọ́n ń ra aṣọ fún un. N kò lè sọ pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn wọn gbóná lórí fóònù.

"Wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ wí o. Agídí ló ń ṣe sí mi. Mo dúró síwájú rẹ̀ láàárọ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Kò pè mí! Gbogbo ará ilé ló ń pè, mò ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Èmi tí mò ń bọ́ ọ nìkan ni kò pè. Ó sì ń sọ iyọ̀ sínú tíì. Mo ti bá Àfáà kan sọ̀rọ̀ ní Ilé-Ogbó. Wọ́n ní kí n mú un wá kó máa gbé lọ́dọ̀ àwọn fún àdúà. Nǹkan tó ń dà á láàmú á fi í sílẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. N kò ní ohunkóhun lòdì sí àdúà. Inú àdúà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣú bọ̀, ibi tó mọ́ ọn lára ló kù tó fi ń ríran. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ògiri ilé wa, ó mọ ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Ẹ gbé e lọ sí Ilé-Ogbó, kò ní mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Á tọ̀ sára, wọ́n á ní agídí ni. Á jáde, á sọ nù, wọ́n á ní nǹkan náà ló ń gbé e kiri. Ó sì lè jẹ́ pé ẹgba ni wọ́n máa fi kọ́ ọ.

Mo wálé. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé àwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ìgbàgbé lára wọn. Wọn ò rí nǹkan kan. Ó wá ku ẹ̀rí àwọn ará ilé, ẹ̀rí tí mo lè gbé síwájú Bọ̀dá. Màmá sì ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú tíì mi, mò ń wo Àǹtí mi lórí àpótí rẹ̀. Ìyàwó Bọ̀dá ló kọ́kọ́ jáde. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ó ti lọgun oríkì ara rẹ̀ pé òun rèé o, ẹ káàárọ̀ mà. Àǹtí mi gba oríkì náà lẹ́nu rẹ̀, ó dá a padà fún un, ó ní, "Ọmọ rere, rọra máa lọ." Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Oníkẹ̀kẹ́ tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa jáde, òun náà ké oríkì tirẹ̀. Màmá jáde, wọ́n ń kọ oríkì ara wọn lórin bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ bọ̀. Tíì tutù lọ́wọ́ mi.

Mo fa ìyàwó Bọ̀dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe báyìí?"

Ó ní, "Ó ti pẹ́, Àǹtí Dókítà. Mo rí i pé wọ́n ń wá tèmi, wọn ò rí i, ojú ń tì wọ́n. Ṣé kí n wá máa wo àgbà níran ni?"

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Oníkálukú kàn ń ṣe é ni."

"O ò sì sọ fún ọkọ rẹ?"

"Ṣé wọ́n bi mí ni?"

Ẹ gbà mí o. Odidi agbolé ń bo àìsàn kan mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, mo mọ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú jù. Àwọn ni wọ́n ń fi ìdáhùn sí i lẹ́nu láràárọ̀, tí Bọ̀dá tó ń gbọ́ ọ láti yàrá fi gbà pé ọpọlọ rẹ̀ pé, pé àwọn nìkan ló ń bá ṣe agídí.

Mo lọ bá Bọ̀dá ní ìsọ̀ wọn. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya àwòrán ọpọlọ sára àpò sìmẹ́ǹtì. Mo ní kí wọ́n ṣe bí àwọn yòókù ti ń ṣe, kí wọ́n pe oríkì ara wọn bí wọ́n bá ń kọjá.

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Èmi? Kí n máa fi ẹnu ara mi ki ara mi? Ṣé orí mi dàrú ni? Ẹlòmíràn ní ń ki ni, a kì í ki ara ẹni. Tó bá ti lè pe oníkẹ̀kẹ́, á pè mí." Wọ́n yíjú sí oníbàárà. "Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, mo ń mú un lọ."

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà nínú àtẹ. Mo ní ó ku ọwọ́ wọn, pé àwọn nìkan ni Bọ̀dá máa gbà gbọ́, kí wọ́n sọ pé Àǹtí mi ń gbàgbé. Wọ́n ní ẹnu àwọn kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ ọ.

Mo pariwo mọ́ ìyá mi. "Màmá, ó ti ṣẹlẹ̀ ná! Ẹ sọ ọ́, ẹ ò sọ ọ́, ó ti ṣẹlẹ̀!"

Wọ́n gbé àtẹ sílẹ̀. "Dókítà, nígbà tí mo bí i, wọ́n ní kò ní pé ọdún méjì láyé. N kò fi ẹnu mi gbà á. Bàbá rẹ gbà, ìyá bàbá rẹ gbà, èmi ò gbà. Ó pé méjì. Ó pé ogún. Ìwọ wá ní kí n fi ẹnu yìí sọ pé ọmọ mi ń lọ?"

Mo jókòó, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tó yá, mo ní, "Màmá, ẹ má sọ ohunkóhun. Ẹ ṣáà dákẹ́ fún mi láàárọ̀ ọ̀la. Gbogbo ilé, kí wọ́n dákẹ́." Wọn ò kọ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo bẹ Bọ̀dá títí wọ́n fi jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn le koko. Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ kọjá, ó pa ẹnu mọ́ bí mo ti wí. Àǹtí mi wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń fa etí ìborùn. Ó ní, "Ọmọ rere, rọra máa lọ." Kò pè é.

Bọ̀dá ní, "Ẹ rí i? Ó ń fi wá ṣeré ni." Wọ́n tẹ̀ síwájú. "Èmi ńkọ́? Ta ni mí?" Àǹtí mi yíjú sí ògiri. Bọ̀dá mí kanlẹ̀. "Agídí, mo wí."

Ó wá kan èmi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, Màmá ni wọ́n ń pariwo oríkì mi láti ẹnu ọ̀nà kí n tó wọlé, n kò kà á sí. Lọ́jọ́ yìí wọ́n dákẹ́. Mo jáde, báàgì mi kọ́ apá, mo dúró níwájú Àǹtí mi.

Ó dìde. Ó wọlé, mo ń gbọ́ tí ó ń ṣí ìdérí àmù. Ó jáde pẹ̀lú ife omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ẹni tó gbá mi lórí torí pé mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mu omi. Ta lẹ wá kí?"

Bọ̀dá dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n tún dìde. Màmá fi ìborùn bo ẹnu. Mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọdún pípẹ́ pé a kì í fi ìdáhùn sí ẹni tí à ń yẹ̀ wò lẹ́nu. Mo gba omi, mo mu ún tán. Mo sì pe oríkì ara mi fún un, kedere, lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú rẹ̀ là. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó le, ó dùn mí. "Ìwọ! O sì dúró, o jẹ́ kí n kúnlẹ̀!" Ó fi ìbínú dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó ń kùn pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Màmá sọ láti ẹ̀yìn mi, ohùn wọn kò ròkè, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti pọ̀ sí i."

Bọ̀dá wọ bàtà, wọ́n gba ìsọ̀ lọ. Jímọ́ọ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba Ilé-Ogbó, èmi náà kò sì bèèrè. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi nípa ìbéèrè nínú ilé yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń di ẹrù mi ní yàrá nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bọ̀dá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n tún wúkọ́. Wọ́n wá gbé oríkì ara wọn jáde, ketekete, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń bi lórúkọ.

Àǹtí mi ní, "Mo ti rí yín tipẹ́. Kí lẹ ń pariwo fún?" Ó sì pè wọ́n.